Orí Kẹfà: Adìẹ Tó Ń Sàba àti Títọ́ Òròmọdìẹ

*Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, ọdún kejì. Ẹ̀ka: ọ̀sìn ẹyẹ ilé*

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí orí yìí, ó yẹ kó lè:

(a) sọ ohun tí sísàba jẹ́, kó sì dá adìẹ tó ti ṣe tán láti sàba mọ̀;
(b) yan ẹyin tó lè di ọmọ, kó sì ṣàlàyé ìdí tí ẹyin kíréètì kì í fi í pa;
(d) tọpa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyin láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kọkànlélógún;
(e) ṣírò ìdá ẹyin tó pa nínú ọgọ́rùn-ún;
(ẹ) ṣe ètò bí òròmọdìẹ kò ṣe ní kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́.

6.1 Adìẹ ní àgbàlá Alímọ̀ṣọ́

Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Iye tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ kà lọ́dún kan náà ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyíkéyìí tí a bá gbà nínú méjèèjì, ilé ti kún agbègbè náà. Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, odi kan ṣoṣo ló ya ọ̀pọ̀ àgbàlá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ àkùkọ ṣì ń kọ ní ìdájí. Ìdílé tí kò ní ilẹ̀ oko lè sin adìẹ ìbílẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ilé ìdáná, kí wọ́n máa ṣa ìrẹsì tó dà sílẹ̀ àti kòkòrò jẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹni tó ní irú adìẹ bẹ́ẹ̀ lè gbà mú wọn pọ̀ sí i. Ó lè ra òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan, ó lè fi ẹ̀rọ pa ẹyin, ó sì lè jẹ́ kí adìẹ sàba. Ẹ̀rọ lè pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan, òun sì ni oko ńlá ń lò, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ iná mànàmáná tọ̀sán tòru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí kò sì sí jẹnẹrétọ̀, ọmọ inú ẹyin lè kú. Ìyá adìẹ kò nílò iná mànàmáná. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹyin tó lè bò lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀, ìgbà tó bá wù ú ló sì ń sàba.

6.2 Àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó

Sísàba: kí adìẹ jókòó lé ẹyin tọ̀sán tòru, kí ooru ara rẹ̀ lè mú ọmọ inú ẹyin dàgbà títí yóò fi pa.

Àgbébọ̀: abo adìẹ tó ti dàgbà tó láti yé.

Òròmọdìẹ: ọmọ adìẹ tó ṣì wà lábẹ́ ìtọ́jú ìyá.

Ẹyin ọlọ́mọ: ẹyin tí àgbébọ̀ yé lẹ́yìn tí àkùkọ ti gùn ún.

Ẹyin òbu: ẹyin tó bàjẹ́ lábẹ́ adìẹ, yálà nítorí pé kò lọ́mọ nínú tàbí nítorí pé ọmọ inú rẹ̀ kú.

Àgò: ohun tí a hun tàbí tí a kàn, tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá, tí a fi ń dé adìẹ mọ́lẹ̀.

Ìdá ẹyin tó pa: iye ẹyin tó di òròmọdìẹ nínú ọgọ́rùn-ún ẹyin ọlọ́mọ.

6.3 Dídá adìẹ tó fẹ́ sàba mọ̀

Kì í ṣe gbogbo adìẹ ló ń sàba. Adìẹ tó ti jókòó lé ẹyin kì í yé mọ́. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ìran, àwọn tó ń ṣe ìran adìẹ àgíríìkì ti ń yan èyí tí kì í sàba ṣe ìyá, títí ìwà náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lára wọn. Adìẹ ìbílẹ̀ ṣì ní in dáadáa. Bó bá ti yé tó ẹyin mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èròjà ara kan tí a ń pè ní prolactin a pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹyin yíyé a dúró, jíjókòó a bẹ̀rẹ̀.

Àmì rẹ̀ kò fara sin. Bí àwọn yòókù bá wọlé sùn lálẹ́, orí ìtẹ́ ni yóò wà. Bí a bá na ọwọ́ sí i, yóò wú ìyẹ́ gbogbo ara, yóò máa kùn, yóò sì fi àgógó sọ ọwọ́ náà. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ láti jẹun, kọ̀ọ̀kọ̀ọ̀ kúkúrú ni yóò máa ké bó ti ń rìn, kò ní pariwo bí adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ẹ gbé e, kí ẹ wo abẹ́ àyà rẹ̀: ìyẹ́ ibẹ̀ ti re, awọ ibẹ̀ sì gbóná lọ́wọ́. Awọ tí kò níyẹ̀ẹ́ yìí ló ń kan ẹyin tààrà, tí ooru fi ń wọ inú rẹ̀.

Kí a tó kó ẹyin gidi fún un, a ó kọ́kọ́ fi ẹyin méjì tí a kò fẹ́ lò dán an wò. Bó bá jókòó lé e fún òru méjì láìkúrò, ó ti ṣe tán. Àgbébọ̀ tó ti pa ọmọ rí ṣeé fọkàn tán ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe é lọ, nítorí àwọn àkọ́ṣe mìíràn a máa fi ẹyin sílẹ̀ lójijì.

6.4 Yíyan ẹyin

Ẹyin tí wọ́n ń tà ní kíréètì ọlọ́gbọ̀n lọ́jà Ìkòtún kò ní pa, bó ti wù kí adìẹ jókòó lé e pẹ́ tó. Oko adìẹ àgíríìkì ló ti wá, níbi tí abo nìkan ti ń gbé. Abo adìẹ kò nílò akọ kó tó yé ẹyin, ṣùgbọ́n láìsí akọ, ẹyin náà kò ní ọmọ nínú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹyin òun pa gbọ́dọ̀ ní àkùkọ kan fún àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, tàbí kó gba ẹyin lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Bí wọ́n bá pa àkùkọ jẹ lọ́jọ́ ọdún, ẹyin àwọn abo ṣì lè lọ́mọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí pé àtọ̀ akọ máa ń pẹ́ nínú ara wọn.

Ẹyin tó yẹ kì í ju ọlọ́jọ́ méje lọ. Kò sán, kò rí gbọọrọ jù, kò sì rí roboto bí bọ́ọ̀lù. A kì í fọ̀ ọ́, nítorí pé ohun fẹ́lẹ́ kan bo èèpo rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àìsàn wọlé. Bí a bá fọ̀ ọ́, ó ti bọ́. Ibi tó tutù díẹ̀ nínú ilé la ń kó o sí, kí ìdí rẹ̀ tó ṣóńṣó wà nísàlẹ̀. Fíríìjì kọ́, òtútù rẹ̀ a máa pa ọmọ inú ẹyin. Bí ẹyin bá fi márúwá rin ojú ọ̀nà oníkòtò láti Ìgàndo dé Ẹgbẹ́dá, ẹ jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e fún adìẹ.

6.5 Ìtẹ́

Apẹ̀rẹ̀ àtijọ́, páálí tó nípọn tàbí táyà ọkọ̀ tó ti gbó ṣeé fi ṣe ìtẹ́, bó bá ṣáà ti fẹ̀ tó ogójì sẹ̀ǹtímítà níbùú lóòró. Iyẹ̀pẹ̀ tútù díẹ̀ la ń kọ́kọ́ dà sí i, a ó fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀ wọlé díẹ̀, kí a tó tẹ́ koríko gbígbẹ lé e. Bí ìsàlẹ̀ bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹyin a yí lọ sétí, a sì tutù. Bó bá jìn jù, wọn a gorí ara wọn, wọn a fọ́. Eérú ààrò ìwọ̀nba tí a bù sábẹ́ koríko náà ń dín yòrò kù. Yòrò kì í ṣe ohun kékeré: adìẹ tí yòrò bò lè kọ ìtẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹyin ku ọjọ́ díẹ̀ kó pa.

Ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀ ni ká gbé ìtẹ́ sí, kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Omi ni ká rò ṣáájú ohun gbogbo. Nígbà òjò, àgbàlá tó gbẹ láàárọ̀ lè di adágún kó tó di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà búlọ́ọ̀kù méjì ni kó wà lábẹ́ ìtẹ́. Bí adìẹ bá ti yan ibi tí kò dára, òru la ń gbé e kúrò. Bí a bá gbé e lọ́sàn-án, yóò padà síbẹ̀.

Adìẹ ìbílẹ̀ lè bo ẹyin mẹ́jọ sí méjìlá. Ìwọ̀n tó dájú ni pé kí a má rí ẹyin kankan láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá jókòó. Alẹ́ ọjọ́ kan náà la ń kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè pa pọ̀. A ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ẹyin kọ̀ọ̀kan, nítorí àgbébọ̀ mìíràn a máa wá yé kún un, ẹyin àlejò bẹ́ẹ̀ ni a ó sì máa kó kúrò lójoojúmọ́.

6.6 Ọjọ́ mọ́kànlélógún

Lábẹ́ adìẹ, ooru ẹyin máa ń wà ní nǹkan bí 37.5°C. Ìyá ń fi àgógó àti ẹsẹ̀ yí ẹyin padà lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ kí ọmọ má bàa lẹ̀ mọ́ èèpo. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló sábà ń sọ̀ kalẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, láti jẹ, láti mu, láti yàgbẹ́. Ìgbẹ́ náà máa ń tóbi, ó sì máa ń rùn gan-an, torí pé ó ti dá a dúró fún gbogbo ọjọ́, àìsàn kọ́. Àgbàdo gbígbẹ àti omi tó mọ́ ni kó wà nítòsí. Èyí tí kò bá sọ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì, a ó rọra gbé e, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ yẹ abẹ́ apá rẹ̀ wò, kí ẹyin má bàa há síbẹ̀ kó já bọ́.

*Ọjọ́ kìíní sí ìkẹta.* Kí ọjọ́ kẹta tó parí, ọkàn ọmọ ti ń lù.

*Ọjọ́ keje.* Ọjọ́ fífi iná yẹ ẹyin wò nìyí. Lálẹ́, nínú yàrá tó ṣókùnkùn, a dá ihò kékeré sára páálí, a sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ìdí ẹyin tó tẹ́ ni a ń gbé sí ojú ihò náà. Ẹyin tó ní ọmọ a fi iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ hàn, tí wọ́n nà káàkiri bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, pẹ̀lú àmì dúdú kan láàárín tó ń mì díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò lọ́mọ a mọ́ rekete láti òkè dé ilẹ̀. Èyí tí ọmọ rẹ̀ ti kú a ní òrùka ẹ̀jẹ̀ nínú, láìsí iṣan. Méjì ìkẹyìn ni ká kó kúrò. Bí ẹyin òbu bá bẹ́ lábẹ́ adìẹ, omi rẹ̀ a ba èyí tó kù jẹ́.

*Ọjọ́ kẹrìnlá.* A ó tún yẹ̀ wọ́n wò. Ẹyin tó yẹ ti ṣókùnkùn, àyàfi ibi tí afẹ́fẹ́ wà ní ìdí tó tẹ́.

*Láti ọjọ́ kejìdínlógún.* Ká mú ọwọ́ kúrò. Ọmọ ti ń yí orí sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún sí ogún, yóò lu ibẹ̀ já, yóò mí fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò sì máa ké nínú èèpo. Ìyá a máa dá a lóhùn.

*Ọjọ́ kọkànlélógún.* Ohun líle kékeré kan wà ní ṣóńṣó ẹnu ọmọ náà tí yóò fi lu èèpo; ó máa ń já bọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà tí èèpo bá ti kọ́kọ́ sán títí ọmọ yóò fi jáde lè gba wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún. Ẹ má bá a bó o. Láàárín wákàtí yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára awọ inú ẹyin ṣì ń padà sára ọmọ, pupa ẹyin sì ń wọ inú ikùn rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú bó o lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ kó sì kú.

Adìẹ tún lè sàba lé ẹyin ẹyẹ mìíràn, bí a bá ti mọ ọjọ́ wọn: ẹtù, ọjọ́ 26 sí 28, tòlótòló, ọjọ́ 28, pẹ́pẹ́yẹ ilé tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, bí ọjọ́ 35. Ti pẹ́pẹ́yẹ yìí gba sùúrù. Àwọn adìẹ mìíràn a dìde kí ọjọ́ tó pé.

Àpẹẹrẹ ìṣirò. Ká ní a fi ẹyin 12 sábẹ́ adìẹ. Ní ọjọ́ keje, méjì kò lọ́mọ. Òròmọdìẹ mẹ́jọ ló jáde.

Ẹyin ọlọ́mọ = 12 − 2 = 10
Ìdá ẹyin tó pa = (8 ÷ 10) × 100 = 80%

Bó bá jẹ́ gbogbo ẹyin 12 la fi pín in, 66.7% la ó rí. Iye kejì yìí pa àléébù àkùkọ pọ̀ mọ́ ti ìyá, kò sì ní jẹ́ ká mọ ẹni tí iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́.

6.7 Títọ́ òròmọdìẹ

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùsìn ti ń pàdánù nìyí. Ìyá adìẹ lè pa ọmọ mẹ́wàá, kó sì ku mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí a bá tú òun àtàwọn ọmọ sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyá a kó wọn kọjá nínú koríko tútù, a kó wọn sẹ́bàá gọ́tà àti títì. Àwòdì wà lókè, ológbò wà lórí odi, èkúté ń bẹ nísàlẹ̀. Èyí tó bá já sẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò padà lọ gbé e.

Òtútù náà ń pa wọ́n, àní ní Èkó. Òwú fẹ́lẹ́ ló bo òròmọdìẹ, kò tíì níyẹ̀ẹ́, kò sì lè dá mú ara rẹ̀ gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 32 sí 35°C ló ń fẹ́, lẹ́yìn náà a máa fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́ta dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìyá bá ràdọ̀ bò wọ́n, ó fún wọn ní gbogbo rẹ̀ láìsí èédú tàbí gílóòbù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí òjò bá pa tí kò ráyè wọ abẹ́ apá ìyá lè kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun tó ń gbà wọ́n là ni kí a dá ìyá dúró. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, a ó fi ìyá sábẹ́ àgò tàbí sínú ilé kékeré onínẹ́ẹ̀tì tó ní òrùlé, tí èérún pákó gbígbẹ wà ní ilẹ̀ rẹ̀. Ihò àgò gbọ́dọ̀ gba ọmọ, kó má gba ìyá. Àwọn ọmọ a máa jáde lọ jẹun nínú ọgbà kékeré tí a fi nẹ́ẹ̀tì bò, wọn a sì sáré padà nígbà tí òtútù bá mú wọn tàbí tí ìyá bá pè wọ́n. Oúnjẹ tí a bá gbé síta bẹ́ẹ̀, àwọn nìkan ló máa jẹ ẹ́. Ìyá àtàwọn adìẹ ńlá kò ní dé ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a lè máa tú wọn sílẹ̀ nígbà tí ìrì bá ti gbẹ, ká sì kó wọn wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Òròmọdìẹ lè lo ọjọ́ méjì láìjẹun, nítorí pupa ẹyin tó wà níkùn rẹ̀. Nítorí náà kò sí ìkánjú, ẹ jẹ́ kí ìyá fúnra rẹ̀ kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Omi la ń kọ́kọ́ gbé fún wọn, nínú àwo pẹrẹsẹ tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ kí wọ́n má bàa rì. Oúnjẹ òròmọdìẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló dára jù. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a lójoojúmọ́ lè lọ àgbàdo kúnná, kó fi ikán tàbí ẹja gbígbẹ lílọ̀ kún un. Àgbàdo nìkan kò tó, ìyẹ́ wọn kò ní tètè hù.

Ìyá a máa já wọn sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Yóò máa sọ wọ́n lẹ́nu bí wọ́n bá sún mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Bí ilé bá gbóná, a lè tètè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kó lè tètè padà sí ẹyin yíyé.

6.8 Àrùn àti àjẹsára

Àrùn Newcastle ni olórí apani. Ọdún 1926 ni wọ́n rí i nítòsí ìlú Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ti wá, láàárín oṣù Kejìlá 1952 sí oṣù Kejì 1953. Àsìkò ọyẹ́ nìyẹn, títí di òní, àsìkò ọyẹ́ náà ló ń jà jù. Adìẹ tó mú a máa mí hẹlẹhẹlẹ, a máa yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ a sì lọ́. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Àjẹsára nìkan ló ń dènà rẹ̀:

- ọjọ́ kìíní: àjẹsára i/o, ẹ̀kán kan sí ojú;
- ọ̀sẹ̀ kẹta: Lasota, nínú omi mímu;
- ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ: Komarov, abẹ́rẹ́.

Ilé Ìwádìí Ìṣègùn Ẹranko ti Orílẹ̀-èdè ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti ọdún 1924, ń ṣe àjẹsára wọ̀nyí. Inú yìnyín la ń gbé e láti ilé oògùn dé ilé, wákàtí bíi méjì sì ni ó ní lẹ́yìn tí a bá pò ó. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kẹ́míkà apakòkòrò sí a máa bà á jẹ́. Omi kànga tó mọ́ ló yẹ. Ìgò kan máa ń pọ̀ ju ti ìyá adìẹ kan àtọmọ mẹ́jọ lọ fíìfíì, nítorí náà ó sàn kí àwọn ará àdúgbò dáwó rà á, kí wọ́n sì lò ó lọ́jọ́ kan náà.

Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà sábà ń ti ilẹ̀ tútù wá: ẹ pààrọ̀ èérún pákó, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko. Egbò lára ogbe àti ojú, ẹ̀fọn ló ń tàn án ká, gọ́tà tí omi dúró sí sì ni ẹ̀fọn ti ń wá.

Bí adìẹ púpọ̀ bá kú lójijì láìṣàìsàn ṣáájú, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á, ẹ má sì jù ú sí gọ́tà. Oṣù Kejì 2006 ni àìsàn adìẹ H5N1 yọ ní Nàìjíríà, òun sì ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ó lè ran ènìyàn. Ẹ fi tó dókítà ẹranko ìjọba létí.

6.9 Kókó inú orí yìí

Ẹyin tí àkùkọ kò kópa nínú rẹ̀ kì í pa. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni adìẹ fi ń sàba, ọjọ́ keje àti ìkẹrìnlá sì la ń fi iná yẹ ẹyin wò. Ìyá lè dá pa ọmọ. Àgò, ilẹ̀ gbígbẹ àti àjẹsára ni iṣẹ́ olùsìn.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìtumọ̀ (a) sísàba, (b) ẹyin òbu, (d) àgò?

2. Sọ àmì mẹ́ta tí a fi ń dá adìẹ tó fẹ́ sàba mọ̀. Èwo nínú wọn ló ní í ṣe pẹ̀lú ooru tó ń wọ inú ẹyin?

3. Ìdílé kan ní Ẹgbẹ́dá pa àkùkọ wọn jẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ẹyin tuntun mẹ́wàá sábẹ́ àgbébọ̀. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí wọ́n pa? Ṣàlàyé.

4. A fi ẹyin 11 sábẹ́ adìẹ. Mẹ́ta kò lọ́mọ, mẹ́fà pa. Ṣírò ìdá ẹyin tó pa.

5. Kí ló dé tí a kì í bá òròmọdìẹ bó èèpo?

6. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ilé márùn-ún àti ẹyin adìẹ márùn-ún ni a fẹ́ kó sábẹ́ adìẹ kan náà. Ọjọ́ wo la ó kó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sí i, ọjọ́ wo la ó sì kó ti adìẹ, kí wọ́n lè pa lọ́jọ́ kan náà? Ewu wo ló wà nínú rẹ̀ fún ìyá?

7. *Iṣẹ́ ṣíṣe.* Ẹ wá ẹni tó ní adìẹ tó ń sàba ní àdúgbò yín, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹyin wò ní alẹ́ ọjọ́ keje. Ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ rí nínú ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì mú àwòrán náà wá sí kíláàsì.